Mọ́tò Ìyá Kúnbi Tó Kú Lórí Ojú Irin

Ìgbà mẹ́rin ni mọ́tò Ìsíátù kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà kẹrin ló sì kú sórí ojú irin Òṣòdì pẹ̀lú ọmọ márùn-ún nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní oṣù kẹta ọdún 1977, agogo méje àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sí ọkọ̀ ojú irin nítòsí. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ọkàn ẹni tó ń kà á lè balẹ̀, nítorí pé kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ náà, wọ́n ti ń sọ ọ́ káàkiri Bọ́ládé pé rélùwéè gbá ẹ̀yìn mọ́tò náà lọ. Irọ́ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé táyà iwájú gun irin àkọ́kọ́, mọ́tò fò díẹ̀, gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú rẹ̀ sì kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Fèrè kò dún. Iná pupa kékeré tó máa ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pàápàá kò tàn. Ìsíátù yí kọ́kọ́rọ́, ó fa ọwọ́ sítátà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní kí àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó dàgbà jù di èyí tó kéré jù lọ́wọ́ mú. Kò pariwo. Àwọn ọkùnrin mẹ́fà kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ló bá a ti mọ́tò náà kúrò. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí mọ́tò yìí lọ gba pẹ́ńsàn rẹ̀." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà pẹ̀lú.

Nígbà tí wọ́n tì í dé ẹ̀gbẹ́ títì, ó tún yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dáhùn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ìsíátù pa á. Kò kó àwọn ọmọ náà padà sínú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ mú wọn dé ilé ìwé wọn ní Máfolúkù, ó sì padà wá nìkan láti wá gbé e.

Ìyá Kúnbi ni gbogbo wa ń pè é ní Ìsọlọ̀. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Ọkọ rẹ̀, Sàláúdéènì, jẹ́ dírẹ́bà ní ilé iṣẹ́ kan ní Àpápá, òyìnbó tí ó ń wà kiri ló sì ta Mọ́rísì kékeré yìí fún un ní ọdún 1962 nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ọwọ́ òsì ni gbogbo wa ń tọ̀ lójú títì, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún ni ìdarí mọ́tò ọ̀hún wà. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ní ọdún 1972, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni dírẹ́bà rẹ̀ wá ń jókòó sí, ó sì gbọ́dọ̀ na ọrùn kí ó tó lè rí ẹni tó ń bọ̀. Sàláúdéènì ló kọ́ aya rẹ̀ ní mọ́tò, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, lójú ọ̀nà Ìsọlọ̀ nígbà tí igbó ibẹ̀ ṣì pọ̀ ju ilé lọ. Ó kú ní ọdún 1974. Lẹ́yìn tí Ìsíátù bọ́ aṣọ opó, ó ń rán aṣọ ní ọ̀sán, ó sì ń fi mọ́tò náà kó ọmọ ilé ìwé láti Ire-Akari ní òwúrọ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ló fi ń rán Kúnbi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ilé ìwé àwọn olùkọ́.

Owó epo ti wọ ìlú nígbà náà. Ẹni tó gba owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù ń ra mọ́tò tuntun, ẹni tí kò gbà á ń bá ẹni tó gbà á yọ̀, ohun tó bá sì ti bàjẹ́, wọ́n á gbé e jù sí ìta. Kò sí ẹni tó ń bèèrè ohun tó ṣe é. Ìsíátù kì í ṣe irú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí wá sílé rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, Akíntáyọ̀ ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn márùn-ún tó sọ̀ kalẹ̀ lórí irin. Ó fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn òbí ti jókòó, wọn kò bínú, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti ra bọ́ọ̀sì tuntun tí yóò máa kó àwọn ọmọ Ire-Akari bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé. Ìsíátù kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

"Èmi fúnra mi kò ní gbé ọmọ kankan sínú rẹ̀ mọ́," ó ní, "títí màá fi fi ìka kan ohun tó ń ṣe é. Ẹ fún mi di ọjọ́ Ajé."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí bi í pé bí ọjọ́ Ajé bá wá dé ńkọ́, tí kò sì rí i?

"Ẹ kó wọn sínú bọ́ọ̀sì. N kò ní bá yín jà."

Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ló ní.

Ní Ọjọ́rú, ó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ Ṣàmsúdéènì, rewáyà tó ń ṣe iná mọ́tò lábẹ́ igi ọ̀mọ̀ kan ní Bọ́ládé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Ṣàmsúdéènì ti tún mọ́tò yìí ṣe ṣáájú. Lákọ̀ọ́kọ́, ó pààrọ̀ bátìrì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó pààrọ̀ ibi tí wọ́n ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gé wáyà mélòó kan, ó so wọ́n padà, ó fi téèpù dúdú wé wọn. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ó ti ṣe tán ni mọ́tò ń dáhùn, ó sì dá a lójú pé òun ló tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí ó jẹ́ pé bí a bá ti tì í síwá sẹ́yìn ni yóò jí, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án kẹ́yìn ni yóò gba ọpẹ́.

Ṣàmsúdéènì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Ìyá Kúnbi, mo ti pààrọ̀ gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀. Ó ku kí n pààrọ̀ ẹ̀yin."

"Kọ́kọ́ pààrọ̀ ẹnu rẹ ná."

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú gílóòbù kékeré kan tó ní wáyà méjì. Ó fi wáyà kan kan orí bátìrì kan, ó fi èkejì kan orí kejì, gílóòbù tàn yòò. Ó ní kí ó wò ó, iná wà, bátìrì kò ní àléébù. Ìsíátù wo gílóòbù náà pẹ́ títí. Ó bi í pé iná tó jáde lórí bátìrì kan, níbo ló ń gbà padà sí èkejì? Ṣàmsúdéènì ní ara mọ́tò ni. Irin ara mọ́tò fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀, ó ní, wáyà kan ṣoṣo ló sì so irin náà pọ̀ mọ́ bátìrì. Ó fi wáyà náà hàn án: ó fẹ̀, wọ́n hun ún bí irun tí a di, ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Orí bátìrì ni ìpẹ̀kun rẹ̀ kan wà, nọ́ọ̀tì kan sì de ìpẹ̀kun kejì mọ́ ara irin lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ṣé o ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Ìsíátù ní.

"Ó le dáadáa. Mo fà á, kò mì."

Ìsíátù ní kí ó ta gílóòbù náà fún òun. Ṣàmsúdéènì bi í pé ṣé ó fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ni. Ìsíátù ní, "Iṣẹ́ wo lo ṣe?" Ṣàmsúdéènì ta á fún un, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò rán aṣọ kankan. Ó mú bébà tí ó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó kọ ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mọ́tò ti kú sí i: kòtò ní ọ̀nà Ailegun, gọ́tà tí wọ́n fi pákó bò ní Ire-Akari, ojú ọ̀nà tí àgbàrá ti jẹ ní Ìsọlọ̀, ojú irin. Ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mọ́tò ti ń rọra lọ, ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti fò díẹ̀. Nítorí náà ohun kan ń jáwọ́ bí mọ́tò bá fò, ó sì ń so padà bí wọ́n bá tì í. Ìyẹn yé e. Kò tíì mọ ohun náà ni.

Bí aṣọ bá fà lọ́wọ́ aránṣọ, kì í tú gbogbo rẹ̀. Ojú ibi tó rán kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ tú. Ìsíátù bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ohun tí a ṣe sí mọ́tò yìí kẹ́yìn, kí ó tó kú fún ìgbà àkọ́kọ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn. Wọ́n kùn ún ni.

Múrítàlá, àbúrò Sàláúdéènì, ló kùn ún. Péńtà ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ailegun. Ní oṣù kìíní ọdún náà, ó wá gbé mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní kò yẹ kí ohun tí Bùọ̀dá òun fi sílẹ̀ máa ṣí bí ògiri àlàpà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe é, kò sì gba kọ́bọ̀. Ó yọ bátìrì, ó yọ àga, ó yọ gbogbo ohun tó ṣeé yọ, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ aró kùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kùn ún dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ojú ènìyàn kì í dé. Nígbà tó gbé e dé, àwọn aládùúgbò jáde wò ó. Ìsíátù sunkún díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ló ti pàṣẹ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan mọ́tò náà pé wọn kò gbọ́dọ̀ ha ọ̀dà rẹ̀ níbikíbi. Ó sọ ọ́ fún Ṣàmsúdéènì náà, ó sì sọ ọ́ le.

Ibí yìí ni ó ti rí ohun tó ṣe. Ṣàmsúdéènì mọ̀ pé ó yẹ kí òun fi gílóòbù kan irin ara mọ́tò. Gbogbo rewáyà ló mọ̀ ọ́n. Kò ṣe é nítorí pé kí wáyà gílóòbù tó lè kan irin, yóò ha ọ̀dà, kò sì rántí pé irin ẹ́ńjìnnì náà ṣeé kàn.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi wáyà gílóòbù méjèèjì kan orí bátìrì méjèèjì, ó tàn yòò, bí ti àná. Ó wá fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí bátìrì níbi tí iná ti ń jáde, ó gbé èkejì kúrò lórí tí ẹ́ẹ̀tì wà, ó fi kan irin ẹ́ńjìnnì, tó so mọ́ ara mọ́tò ṣùgbọ́n tí Múrítàlá kò kùn. Gílóòbù náà pọ́n bàìbàì bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ó na ọwọ́ kejì, ó di wáyà ẹ́ẹ̀tì mú, ó mì ín. Gílóòbù kú. Ó tún un mì, ó tàn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́wàá, ó ń kà á. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ ba, ó wo ìdí nọ́ọ̀tì náà. Ọ̀dà aró wà lábẹ́ wáyà, ó wà láàárín wáyà àti irin, ó sì wà lórí nọ́ọ̀tì pàápàá. Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Eyín nọ́ọ̀tì nìkan ló gé ọ̀dà díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dè é, ibi tíntín náà sì ni gbogbo iná mọ́tò ti ń gbà padà láti oṣù kìíní, títí ó fi dípẹtà.

Ó ní ọbẹ nílé. Ó ní sáńpépà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò ṣe é.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ òde òní ń sọ pé òmùgọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Nínú ilé tí wọ́n gbé tọ́ Ìsíátù, ẹni tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún méje ni Múrítàlá nígbà tí Ìsíátù wọlé wọn. Adúmáadán ló sọ ọ́, nítorí awọ ara rẹ̀ tó ń dán, kò sì fi ẹnu rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀ rí. Bí ó bá fi ọbẹ ha ẹ̀bùn ọkọ rẹ̀ kékeré yìí lẹ́yìn rẹ̀, mọ́tò yóò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Múrítàlá bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò rí i. Ọjọ́ Ajé ń bọ̀, ó mọ̀. Síbẹ̀ ó ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó gbé mọ́tò náà lọ sí Ailegun, jẹ́jẹ́, ó ń yà fún gbogbo kòtò. Ó kúnlẹ̀ kí Múrítàlá. Ó ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀, ó kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tirẹ̀, pé òun ló kọ̀ kí wọ́n ha ọ̀dà. Ojú Múrítàlá le.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ọ̀dà mi ló ń pa mọ́tò?"

"Kò sí ibi tí ẹ kò kùn, Adúmáadán. Iṣẹ́ yín pọ̀ ju bí mọ́tò ṣe fẹ́ ẹ lọ."

"Rewáyà ló ń tàn yín jẹ. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ ní í dá ọ̀dà lẹ́bi."

"Kì í ṣe rewáyà ló sọ ọ́. Èmi ni."

Múrítàlá nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó nu ún, ó tún un nù. Ìsíátù kò rọ̀ ọ́, kò sì dìde. Ó na gílóòbù sí i, ó ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wò ó. Múrítàlá gbà á. Ó fi kan orí bátìrì méjèèjì, ó tàn. Ó fi kan ẹ́ńjìnnì, ó pọ́n. Ìsíátù mi ẹ́ẹ̀tì fún un, ó kú. Múrítàlá ní kí ó tún un mì. Ó tún un mì.

"Ẹ bá ti ha á fúnra yín nílé," ni ó wá sọ, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Mo lè ha á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kùn ún. N kò lè fi ọbẹ kan ẹ̀bùn yín lẹ́yìn yín. Ẹ bá mi ha á. Kò ju ojú kọ́bọ̀ kan lọ."

Múrítàlá bojú wo mọ́tò náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Bí Bùọ̀dá bá wà láàyè ńkọ́?"

"Wọn ì bá kọ́kọ́ bú yín," Ìsíátù ní. "Lẹ́yìn náà wọn ì bá dúpẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Múrítàlá, nítorí bí Sàláúdéènì ti rí gan-an nìyẹn. Ó mú sípánà, ó tú nọ́ọ̀tì náà. Ó fi ọbẹ tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà ha ìdí rẹ̀, ó ha á ju ojú kọ́bọ̀ lọ, ó ha á títí irin fi funfun. Ó fi sáńpépà fọ ojú wáyà, ó fọ nọ́ọ̀tì pàápàá, ó dè é padà, ó sì fi gíríìsì bò ó kí omi má baà dé ibẹ̀. Nígbà tí ó fi gílóòbù kan ẹ́ńjìnnì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ mú wọn ṣẹ́jú. Ìsíátù di ẹ́ẹ̀tì mú, ó mì ín bí ẹni tó fẹ́ fà á já. Kò kú.

Múrítàlá rò pé ó ti tán. Ìsíátù ní kí ó wọlé jókòó. Ó wa mọ́tò náà lọ sí kòtò àkọ́kọ́ tó ti kú sí, ó rọra gùn ún, ó yí padà, ó tún gùn ún. Lẹ́ẹ̀kẹta, Múrítàlá ní ó tó. Ìsíátù ní kò tó. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n gun kòtò náà, àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà sì ń bi ara wọn léèrè pé kí ni wọ́n sọnù síbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó lọ sí Ire-Akari. Ó sọ ohun tó rí fún Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí láìfi ọ̀kan pamọ́, títí kan ìkìlọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi dí rewáyà lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ní kí ó gbé òun kọjá ojú irin, òun nìkan. Ó sanra, mọ́tò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n dúró títí wọ́n fi rí i pé ọ̀nà mọ́, wọ́n kọjá, wọ́n padà, wọ́n tún kọjá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí wà lára ilẹ̀kùn ní gbogbo ìgbà náà.

"Tuntun ni bọ́ọ̀sì yẹn o," ó ní nígbà tí wọ́n ń padà lọ.

"Mo ti rí i. Ó dára."

Wọ́n dé ẹnu géètì Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí. Ó ní Akíntáyọ̀ yóò ti dúró ní agogo mẹ́fà ààbọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àwọn òbí méjì ti yan bọ́ọ̀sì. Ìsíátù dúró fún ìṣẹ́jú kan, bóyá wọ́n ń bọ̀, lẹ́yìn náà ó gbéra. Ní Òṣòdì, ó na ọrùn wo ọ̀tún, ó na ọrùn wo òsì, ó bọ́ sí jíà kìíní. Àwọn ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ láti ilé. Bí wọ́n ti rí irin ni wọ́n dákẹ́. Kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Táyà iwájú gun irin, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun èkejì. Táyà ẹ̀yìn tẹ̀ lé e.

"Màmá Kúnbi," Akíntáyọ̀ ní láti ẹ̀yìn, "kò kú."

"Kò kú. Jókòó dáadáa."

Ó bọ́ sí jíà kejì.